Schwa: ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kí ló sì dé tí àmì ə fi wà níbi gbogbo?

#1 Atòwé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti SS1 ni mò ń tò, mo sì fẹ́ fi àmì ìpè sí ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ohun mẹ́ta ló dá mi dúró.

Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á béèrè ibi tí orúkọ "schwa" (fáwẹ́lì fẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi àmì ə kọ, bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ about) ti wá, torí kò jọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èkejì, ìwé atúmọ̀ kan kọ cup ní /kʌp/, òmíràn fi ə sí i. Èwo ni kí á gbà? Ẹ̀kẹta, nígbà tí mo sọ àkọlé di lẹ́tà ńlá, ə mi di Ǝ, bí E tó kọ ẹ̀yìn síni. Ṣé ẹ̀rọ ló ṣe é ni, àbí èmi?

Èyí ni mo kọ, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

about /abaʊt/
banana /bənənə/
cup /kəp/
letter /lẹtə/
photography /fəʊtəgrafi/
comfortable /kɒmfɔːtebl/

#2 Akọ́mọlédè

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ náà ti wá, torí ibẹ̀ náà ni apá kan ìdáhùn ìbéèrè kejì yín wà.

Hébérù ni. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ nínú Hébérù àtijọ́; ẹni tó ń kàwé ni yóò fi fáwẹ́lì sí i láti inú ohun tó mọ̀. Láàárín ọ̀rúndún 7 sí 10, àwọn akọ̀wé tí à ń pè ní Másórétì ní ìlú Tìbéríà (Tìbéríà inú Bíbélì yẹn náà ni) ṣètò àmì tí wọ́n ń fi sí òkè àti abẹ́ lẹ́tà kí ìpè Ìwé Mímọ́ má bàa sọnù. Shva wà lára wọn: kókó bíńtín méjì, ọ̀kan lórí èkejì, lábẹ́ kọ́ńsónáǹtì. Ẹ wo kókó abẹ́ ẹ àti ọ wa, kí ẹ wá tò méjì léra.

Iṣẹ́ méjì ni àmì kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Shva naḥ, èyí tó sinmi, ń sọ pé kò sí fáwẹ́lì lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì yẹn. Shva naʿ, èyí tó ń rìn, ń sọ pé fáwẹ́lì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó kúrú, ó ń sáré kọjá ni. Òfo àti fáwẹ́lì fẹ́ẹ́rẹ́ wá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé fi so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "òfo".

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn onímọ̀ èdè Jámánì, tí gírámà Hébérù kò ṣàjèjì sí, yá orúkọ náà fún fáwẹ́lì tó rẹlẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ wọn, bíi Gabe tàbí bitte. Sch ni wọ́n ń kọ síbi tí àwa ń kọ ṣ, w wọn sì ni v àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà "ṣva" ni Schwa lẹ́nu wọn. Láàárín 1890 sí 1895 ló wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ kan sípẹ́lì náà, wọ́n kàn ka w bí w tiwọn: /ʃwɑː/. Ẹ lè rí i tí àwọn kan kọ ọ́ ní shwa. Ìyẹn kò gbilẹ̀.

Àmì ə dàgbà ju orúkọ náà lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Johann Andreas Schmeller, tó kọ̀wé lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Bavaria ní 1821, ló kọ́kọ́ lò ó fún fáwẹ́lì ìparí Gabe, ìyẹn "ẹ̀bùn". Òǹtẹ̀ e ló yí sódì. Kò sí pé ilé ìtẹ̀wé ń rọ lẹ́tà tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alexander John Ellis, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mú àmì kan náà sínú álífábẹ́ẹ̀tì ìpè tirẹ̀, ó sì fi kọ fáwẹ́lì inú *but*. Ẹ fi ojú sí *but* yẹn o, torí fáwẹ́lì rẹ̀ àti ti cup kan náà ni.

#3 ElétíGbáròyé

Ọ̀gá Akọ́mọlédè ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín kún un: ọ̀rọ̀ "schwa" fúnra rẹ̀ kò ní schwa kankan nínú. Hébérù òde òní tí wọ́n ń sọ ní Ísírẹ́lì náà kò ní in. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe shva síta, e ni wọ́n ń pè. Níbi tí wọn kò bá ti pè é, ó ti di òfo. Kódà ìpè Tìbéríà àtijọ́, a kúkurú ni shva tó ń rìn sábà máa ń jẹ́. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé "ìró Hébérù" ni schwa. Orúkọ ni Gẹ̀ẹ́sì yá, kò yá ìró.

Ó kan ọ̀rọ̀ cup. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba àti ìdánwò Oral English ti WAEC ya ìró méjì sọ́tọ̀: /ʌ/ fún sílébù tí a tẹnu mọ́ (cup, love, country), /ə/ fún èyí tí a kò tẹnu mọ́. Ìwé atúmọ̀ Merriam-Webster ti Amẹ́ríkà ń kọ méjèèjì ní ə. Ọ̀rọ̀ *abut* ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, \ə-ˈbət\: àmì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìtẹnumọ́ nìkan ló yà wọ́n. Kì í ṣe àṣìṣe. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, ìró méjèèjì súnmọ́ ara wọn gan-an, bóyá sílébù náà ní ìtẹnumọ́ tàbí kò ní ló ń pinnu. Ohun tí Ellis ṣe pẹ̀lú *but* náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń kọ́ ọmọ fún WAEC. /kʌp/ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá kọ /kəp/ síbẹ̀ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa máàkì ya.

#4 Alámì

Ìbéèrè kẹta ni tèmi. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Lẹ́tà méjì tó jọra bí ìbejì ló wà:

ə tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, jẹ́ U+0259. Èyí ni schwa tòótọ́, òun ni àwọn onímọ̀ ìró ń lò. Lẹ́tà ńlá rẹ̀ ni Ə, U+018F.

ǝ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+01DD. Èyí ń jẹ́ e-àyísódì. Lẹ́tà ńlá rẹ̀ ni Ǝ, U+018E. Òun ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà tí wọ́n ṣètò fún gbogbo èdè wa, torí Kànúrí ń fi í kọ fáwẹ́lì àárín kan.

Bí ẹ bá fi kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ dà á kọ láti inú ìwé Kànúrí, èyí kejì ni ẹ mú. Ojú kò lè yà wọ́n ní lẹ́tà kékeré. Ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá ni àṣírí á tú, tàbí ìgbà tí ẹ bá wá ə nínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i, nígbà tí ẹ̀yin ń fi ojú yín wò ó.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú Word orí Windows: ẹ gbé kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà gan-an, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀. Lẹ́tà á di nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á padà di lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ 01DD, ẹ pa á rẹ́, ẹ tẹ 0259, kí ẹ tún tẹ Alt+X. Bí ó bá pọ̀ nínú fáìlì, ẹ lo ìwá-kí-o-pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: àmì ìpè kì í ní lẹ́tà ńlá. Bí àkọlé yín bá ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ńlá, ẹ yọ ohun tó wà láàárín ilà méjì // kúrò nínú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe ə nìkan ni á bàjẹ́.

Àfikún kan. Lẹ́tà Ə yìí wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Azerbaijan láti 1992, ó sì wà nínú orúkọ ìlú wọn, Azərbaycan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe schwa ni wọ́n ń fi í kọ, ìró inú *cat* ni. Ẹ má fi ojú lásán gba lẹ́tà gbọ́.

#5 ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú àpérò o, láti Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún àwọn tó ti ti ọ̀nà Faransé wá, torí a pọ̀ níhìn-ín.

Ìwé Faransé náà ń kọ ə: le, petit, samedi. E muet tàbí e caduc ni wọ́n ń pè é, ìyẹn e tó yadi tàbí e tó ń já bọ́. Ó sì ń já bọ́ lóòótọ́: lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, "samdi" ni samedi. Ìyàtọ̀ méjì ló wà láàárín rẹ̀ àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ètè máa ń ṣù roboto lórí ti Faransé; ti Gẹ̀ẹ́sì, ètè kò ṣe nǹkankan. Èkejì, lẹ́tà e ni ti Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gùn lé nígbà gbogbo, àfi díẹ̀ bíi monsieur àti faisons. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ka lẹ́tà sí, lórí èyíkéyìí ni ó ti lè jókòó.

Ẹni tó bá gbé schwa Faransé wọ inú letter tàbí about á máa ṣu ètè. Ẹ mú dígí kékeré, ẹ sọ about. Bí ètè bá yọ síwájú kí ẹ tó dé b, Faransé ni ẹ ń sọ.

#6 Akọ́mọlédè

Òótọ́ ọ̀rọ̀, ọmọ Àjàṣẹ́. Àpẹẹrẹ bí lẹ́tà ṣe lè jẹ́ èyíkéyìí rèé, kí Atòwé fi sínú ìwé: a nínú about, e nínú taken, i nínú pencil, o nínú lemon, u nínú circus, y nínú vinyl. Lẹ́tà mẹ́fà, ìró kan.

Ìdí tí sípẹ́lì fi ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu nìyẹn. Etí kò lè sọ lẹ́tà tó wà ní abẹ́ schwa. Wọ́n á kọ grammer, calender, seperate, definate. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ dáadáa jù ni! Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn: ẹ wá ìbátan ọ̀rọ̀ náà tí ìtẹnumọ́ rẹ̀ ti ṣí kúrò níbi tó wà. Fáwẹ́lì tó ti sùn á jí.

grammar → grammatical: a hàn.
definite → finite: i hàn.
author → authority: o hàn.
editor → editorial: o hàn.
similar → similarity: a hàn.

Separate kò nílò ìbátan, ó kàn fẹ́ ọgbọ́n ìrántí: *par* ló wà láàárín rẹ̀. Calendar kò ní ìbátan tó wúlò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n há a sórí.

#7 Ọ̀rọ̀Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ "schwa" ní ìtumọ̀ kejì tí ẹ lè bá pàdé nínú ìwé ìtàn èdè, kí ó má bàa rú yín lójú.

Àwọn tó ń wá ìyá àwọn èdè Yúróòpù àti Íńdíà rí i pé "bàbá" jẹ́ pitā́ ní Sanskrit, pater ní Látìn, patēr ní Gíríkì. Ibi tí Sanskrit ti ní i, àwọn tó kù ní a. Wọ́n ní fáwẹ́lì kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe i tí kì í ṣe a, wọ́n kọ ọ́ ní ə, wọ́n sì pè é ní schwa. Onímọ̀ èdè kan, Ferdinand de Saussure, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà náà, tẹ ìwé kan jáde ní Leipzig tí ọdún 1879 wà lára rẹ̀, ó ní irú ìró mìíràn pátá ló fara sin síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ka èdè Hítì, èdè àtijọ́ kan nínú ẹbí yẹn, tán, onímọ̀ èdè mìíràn, Jerzy Kuryłowicz, fi hàn ní 1927 pé ḫ ti Hítì dúró sí àwọn ibi tí Saussure tọ́ka sí. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n kà á sí báyìí, h₂ ni ìwé tuntun sì ń kọ.

Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé "schwa di a ní Látìn", kì í ṣe schwa inú about ló ń sọ.

#8 Atòwé

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. SS1 ni o, ọ̀gá Ọ̀rọ̀Àtijọ́! Tèmi ni màá fi èyí ṣe.

Alámì, 01DD ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù: báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe ń pe ìró tí kò sí nínú èdè rẹ̀? Bí mo bá ní kí wọ́n pe ə, "a" ni gbogbo wọn ń pè. Ṣé gbogbo sílébù tí a kò tẹnu mọ́ náà ni schwa?

#9 ElétíGbáròyé

Kí wọ́n pe a kò yani lẹ́nu. Ẹ wo fáwẹ́lì àìránmúpè méje wa: i, e, ẹ wà níwájú, u, o, ọ wà lẹ́yìn, a nìkan ló wà láàárín. Schwa náà, fáwẹ́lì àárín ni, pẹrẹsẹ ni, ahọ́n kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀. Nígbà tí etí Yorùbá bá ń wá ibi tí ó máa fi í sí, a ni aládùúgbò kan ṣoṣo tó rí. Ohun tó sọ teacher di tíṣà nìyẹn, rubber di rọ́bà, butter di bọ́tà, number di nọ́ńbà, sugar di ṣúgà. Ẹ tún wo ohùn orí wọn: sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ gba ohùn òkè, schwa gba ohùn ìsàlẹ̀. Bí schwa bá ṣáájú, bákan náà ni: address di àdírẹ́sì, account di àkáǹtì. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ àdírẹ́sì ti gbọ́ ìtẹnumọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, ohùn wa ló fi gbé e.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an: ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí a lè tẹ̀ rì. Bí a bá fẹ́ dín ọ̀rọ̀ kù, ńṣe ni à ń pa fáwẹ́lì jẹ pátápátá: ra ìwé di ràwé, fáwẹ́lì ì lọ, ohùn rẹ̀ kù. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà pa á jẹ tán, ó máa ń sọ ọ́ di eérú.

Torí náà, ẹ má fi ə nìkan kọ́ wọn. Bí ẹ bá ní kí ọmọ pe ə lóun nìkan, ẹ ti fi ìtẹnumọ́ sí i, kò sì jẹ́ schwa mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sílébù tó lágbára, kí ẹ máa kọ́lé yí i ká. Fún banana:

Ẹ pe nɑː sókè, kí ó gùn.
Ẹ fi ìrù kékeré sí i: ˈnɑː-nə. Àgbọ̀n là díẹ̀, ètè kò gbéra, ahọ́n sùn sáàárín.
Ẹ wá fi orí sí i: bə-ˈnɑː-nə. Ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, lórí nɑː.

Bí ọwọ́ bá lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn á wá fi agbára ṣe é títí bə á fi di òfo, wọ́n á ní "bnɑːnə". Ìyẹn náà ti kọjá ààlà. Sílébù mẹ́ta ni, kò gbọdọ̀ di méjì.

#10 Alámì

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè fi ojú rí i. Bí ọ̀nà ohùn láti tán-án-ná dé ètè bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17.5, tí ahọ́n kò sì fún ibì kankan pọ̀, nǹkan bíi 500, 1500 àti 2500 hertz ni ohùn ti máa ń rinlẹ̀. Àlàfo àárín wọn dọ́gba. Àmì fáwẹ́lì tí kò tẹ̀ síbì kankan ni. Ẹ gba Praat sórí kọ̀ǹpútà (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ohùn wò ni, ọ̀fẹ́ ni, Yunifásítì Amsterdam ló ti wá), ẹ gba ohùn sílẹ̀, ẹ tan àwọn ilà pupa fọ́máǹtì, ìyẹn àwọn ibi tí ohùn ti ń rinlẹ̀ yẹn. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ń sún lọ sí 700 tàbí 800, a ni ẹ ń pè. Ohùn obìnrin àti ọmọdé á ga ju iye wọ̀nyí lọ, torí ọ̀nà ohùn wọn kúrú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: 5500 hertz ni Praat gbé sílẹ̀ fún òpin fọ́máǹtì. Ohùn obìnrin ló bá mu. Fún àgbà ọkùnrin, ẹ sọ ọ́ di 5000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ilà lè fò kúrò níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà.

#11 ỌmọÀjàṣẹ́

ElétíGbáròyé, mo ní àríyànjiyàn díẹ̀. Bí schwa bá ń di à, kí ló dé tí a ní pásítọ̀ àti sẹ́nétọ̀? -tor ni ìparí méjèèjì, /tə/ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kí ló dé tí kò jẹ́ pásítà?

#12 ElétíGbáròyé

Ojú ló gbé ìyẹn wọlé, kì í ṣe etí. Ẹni tó rí *pastor* lórí ìwé rí o níbẹ̀, ó sì pè é. Dókítà náà ní -or, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gba à. Bẹ́ẹ̀ ni gómìnà láti *governor*. Èmi gbà pé àwọn yẹn ti ẹnu dé kí wọ́n tó ti ìwé dé, pásítọ̀ àti sẹ́nétọ̀ sì gba orí ìwé. Ẹ tún wo àárín sẹ́nétọ̀: schwa ni Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀ náà, àwa fi é sí i.

#13 Akọ́mọlédè

Mi ò bá gbogbo ẹ̀ lọ o. Sẹ́nétọ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ rédíò pẹ̀lú, rédíò kì í sì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n mo gbà pé sípẹ́lì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, torí Atòwé béèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn.

Rárá, kì í ṣe gbogbo sílébù tí a kò tẹnu mọ́ ló jẹ́ schwa. Ìparí happy àti city jẹ́ /i/. Ìbẹ̀rẹ̀ *enough* jẹ́ /ɪ/. Ìparí photo jẹ́ /əʊ/, ó sì ní ara. Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni òdìkejì rẹ̀: bí ẹ bá rí schwa tó dá dúró nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba, kò ní ìtẹnumọ́ lórí.

Mo ní "tó dá dúró" torí ẹnìkan á sọ pé ə wà nínú /ɡəʊ/, *go*, tí ìtẹnumọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fáwẹ́lì oníbejì, kì í ṣe schwa fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa ka əʊ bí ẹyọ kan.

Ibi tí schwa pọ̀ sí jù kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ gígùn, àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ló kún: a, the, of, to, for, and, can, at, from. Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí hàn wọ́n:

ˈDogs ˈchase ˈgoats.
The ˈdogs will ˈchase the ˈgoats.

Sílébù mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, mẹ́fà ni ti èkejì, lílu mẹ́ta ni méjèèjì. The, will àti the kejì ni wọ́n fún mọ́ àárín. (Bí ẹ bá fi aago wọ̀n ọ́n, wọn kò dọ́gba géérégé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìyẹn borí yín.)

Níbi tí àwọn tó ti mọ schwa ti ń ṣubú: ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kì í rẹlẹ̀ ní ìparí gbólóhùn. *I can swim*, /kən/ ni. *Yes, I can*, /kæn/ ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ /kən/. *Look at me*, /ət/. *What are you looking at?*, /æt/. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan tako òmíràn, ara rẹ̀ tún padà: *not from Ìbàdàn, to Ìbàdàn*, /tuː/ ni a máa pè.

#14 Atòwé

Ó yé mi wàyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ní Yorùbá: ṣé ṣúwà ni kí n kọ tàbí ṣùwá?

#15 ElétíGbáròyé

Bread di búrẹ́dì, class di kíláàsì: ohùn òkè ni fáwẹ́lì tí a fi já kọ́ńsónáǹtì méjì máa ń gbà. Ṣúwà ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọmọ tó ń lọ ṣe WAEC, ẹ fi sílẹ̀ ní schwa, kí ó lè dá a mọ̀ tó bá rí i.

#16 Akọ́mọlédè

Àtúnṣe iṣẹ́ yín rèé, Atòwé. Ìpè Ìlú Ọba ni mo lò.

about /əˈbaʊt/. A ni ẹ fi sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n schwa ló yẹ kó jẹ́. Ìtẹnumọ́ wà lórí èkejì.

banana /bəˈnɑːnə/. Ẹ ti sọ gbogbo a di schwa. Ó gbọ́dọ̀ ní sílébù kan tó dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ohun tí àwọn tó kù máa fara tì. Ará Amẹ́ríkà ń ní /bəˈnænə/.

cup /kʌp/. ElétíGbáròyé ti dáhùn.

letter /ˈletə/. Ìró ẹ wa súnmọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n e lásán ni àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ ọ́. Kò sí r ní ìparí, àfi bí fáwẹ́lì bá tẹ̀lé e: *letter and* /ˈletər ənd/. Ní Amẹ́ríkà, r ń hàn níbi gbogbo, àmì ɚ sì wà fún un.

photography /fəˈtɒɡrəfi/. Èyí ni ẹ ṣì jù, ó sì yé mi ìdí rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti photo, ẹ gbé /fəʊ/ rẹ̀ wá. Ìtẹnumọ́ ti ṣí lọ sí sílébù kejì, fáwẹ́lì àkọ́kọ́ sì ti sùn. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó: photograph /ˈfəʊtəɡrɑːf/, photography /fəˈtɒɡrəfi/, photographic /ˌfəʊtəˈɡræfɪk/. O kejì ni kí wọ́n wò: schwa, lẹ́yìn náà ɒ, ó tún padà di schwa.

comfortable /ˈkʌmftəbl/. Sílébù mẹ́ta péré. Schwa inú comfort /ˈkʌmfət/ ti já bọ́ níhìn-ín, ohun tí ọmọ Àjàṣẹ́ sọ nípa samedi náà ni. Ibi tí lẹ́tà ti fi or hàn yín, kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́.

#17 Alámì

Ọ̀kan péré: ˈ yẹn kì í ṣe àmì àyọlò tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù. U+02C8 ni. Ẹ tẹ 02C8, kí ẹ tẹ Alt+X. Bí ẹ bá lo ' lásán, Word á tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá wù ú, á sì dàbí pé ẹ fi ọ̀rọ̀ sínú àyọlò tí ẹ kò pa dé.

#18 Atòwé

Mo ti ṣe é. Photographic ni màá fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé wọn.